Ìrù Ọmọnlé Wà ní Àtìmọ́lé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, kò dá lórí iwin, kò dá lórí orò. Ó dá lórí àwọn tó ń gun ògiri, àti ìwé tí wọ́n kọ nípa wọn ní ìdí àpáta Olúmọ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá ń tẹ fóònù, kó gbé e sílẹ̀. Àlọ́ yìí ní ègbè, ẹ̀yin lẹ ó sì máa gbè é.

Ní ayé àtijọ́, àtijọ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí àná, Ẹkùn ló jọba lórí gbogbo ẹranko tí ń bẹ láti ìdí Olúmọ dé etí odò Ògùn. Nígbà tó gorí oyè tán, ó kọ́ ààfin tuntun, ó fi owó ìlú ra iná tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ yí ààfin ká. Ó ní ilẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣú mọ́ lójú òun. Ilẹ̀ ò sì ṣú mọ́ lóòótọ́. Ẹ̀fọn, aáyán, àfòpiná àti èsúnsún gbọ́ pé ojúmọ́ ń mọ́ lóru ní ààfin, wọ́n bá múra, wọ́n ń wá kí ọba.

Iná náà jẹ owó. Kò pẹ́ tí àpò ìlú fi gbẹ. Ìjàpá, olùdámọ̀ràn pàtàkì sí ọba, bá wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ débi tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ gbà á láyè dé.

"Kábíyèsí, ìdílé àwọn alángbá wọ̀nyí, àtàgbà àtọmọdé wọn ló ń gbowó oṣù. Iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ń ṣe?"

Ọba ronú títí. "Wọ́n ń gun ògiri."

"Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí ẹ sọ, Kábíyèsí."

Kò sẹ́ni tó rántí ìdí tí wọ́n fi ń san owó náà. Bàbá-bàbá ọba ló dá a sílẹ̀, ìdí rẹ̀ sì bá a wàjà. Ni wọ́n bá gbé ìgbìmọ̀ ayẹṣẹ́wò kalẹ̀. Ìjàpá ni alága, Adìẹ ni akọ̀wé. Ẹ má fi Adìẹ ṣeré o, iṣẹ́ ìwé yá a lẹ́sẹ̀. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: bí ìrọ̀lẹ́ bá ti dé báyìí, kò rí nǹkan kan mọ́. Kò sí òru nínú ìwé Adìẹ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Alángbá ló kọ́kọ́ dé. Oòrùn ò tíì yọ, òtútù òru ṣì wà lára rẹ̀, ara rẹ̀ rí bí èèpo igi gbígbẹ. Adìẹ kọ ọ́ sílẹ̀: aláwọ̀ erùpẹ̀. Wọ́n ní kó lọ dúró lórí àpáta kó máa retí. Nígbà tí oòrùn ràn sí i dáadáa, orí rẹ̀ pọ́n yòò bí orí ẹni tó fi epo pupa wẹ̀, ara rẹ̀ di aláró. Wọ́n pè é wọlé. Adìẹ wo ìwé, ó wo ojú, ó tún wo ìwé.

"Alága, ẹni tó wá lárọ̀ọ́ kọ́ nìyí. Ẹlẹ́tàn ni."

Bí wọ́n ṣe fẹ́ lé e síta nìyẹn, àfi bí Alángbá ṣe mirí. Ìjàpá rí i.

"Dúró ná. Ṣé ìwọ ni Alángbá?"

Alángbá mirí.

"Ṣé o gbà pé ìjọba yìí ń gbìyànjú?"

Alángbá mirí, mirí.

"Ṣé o gbà pé kí a dín owó oṣù àwọn ará ilé rẹ kù?"

Alángbá fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún ti ara rẹ̀ sókè, ó mirí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Inú Ìjàpá dùn débi pé ó dìde. "Ẹ wò ó! Kò gbà nìkan, ó tún ń dọ̀bálẹ̀! Irú èyí ni ìlú ń wá." Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run, ṣùgbọ́n wọn ò pe àgbà kankan sí ìgbìmọ̀ náà. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n fi Alángbá ṣe igbákejì alága. Ẹnì kan ò sì kíyè sí i pé nígbàkígbà tó bá mirí, alángbá kékeré kan tó wà lórí ògiri òdìkejì á fò kìjí wọ inú pàlàpálá àpáta.

Ẹ bá mi gbè é:

Alángbá mirí lójú agbo,
*Mirí jàn-ìn, mirí jàn.*
Ọba ní ó gbà, Ìjàpá ní ó gbà,
*Mirí jàn-ìn, mirí jàn.*
Adìẹ kọ ọ́, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́,
*Mirí jàn-ìn, mirí jàn.*
Ta ló bi í pé kí ló ń wí?
*Mirí jàn-ìn, mirí jàn.*

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù nípa Alángbá, ọ̀rọ̀ ìrù. Ìjàpá fẹ́ kí wọ́n gé e kúrú láti fi dín ìnáwó kù, nítorí ìrù náà gùn ju ara tó gbé e lọ, kò sì rí ohun tó ń fi í ṣe. Ọmọ aráyé ti mọ ohun tó ń fi í ṣe. Alángbá tó já láti orí ìrókò tí kò fẹsẹ̀ ṣẹ́, tó ń yin ara rẹ̀ kiri, ìrù ló yẹ kó máa yìn. Àwọn onímọ̀ ní Berkeley ní Amẹ́ríkà fi kámẹ́rà wo bí alángbá ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ń fò, wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2012: bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀ bó ṣe ń fò, ìrù ni yóò jù sókè kí orí rẹ̀ má baà dojú kọlẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kékeré onírù kan tó ń ṣe bákan náà. Ìjàpá ò fò rí láyé rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe mọ̀?

Ó kan ìyàwó Alángbá. Ìgbìmọ̀ ní òfin tuntun ti dé: ìdajì ọmọ tí ilé kọ̀ọ̀kan bá bí gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin. Mélòó ló fẹ́ bí lọ́dún yìí?

"Alága, èmi kọ́ ni mò ń yàn. Mo máa ń wá iyanrìn tó lọ́rinrin tí oòrùn ń ràn sí, màá gbẹ́ ihò, màá yé ẹyin síbẹ̀, màá bò ó, màá sì bá tèmi lọ. Ilẹ̀ ló ń pín wọn ní akọ, ní abo."

Adìẹ ju ìwé sílẹ̀. "O ò sàba lé e? Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni èmi fi ń jókòó!"

"Ilẹ̀ ń bá mi sàba."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, bẹ́ẹ̀ ìyá yìí ò purọ́. Madeleine Charnier, obìnrin onímọ̀ tó fi ẹyin alángbá ṣe ìwádìí ní Dakar, kọ ọ́ síwèé ní 1966 pé bí ibi tí ẹyin wà bá ṣe gbóná sí ló ń sọ ọmọ inú rẹ̀ di akọ tàbí abo. Èyí tó wà níbi tó tutù díẹ̀ di abo, èyí tó wà níbi tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ di akọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn mìíràn rí irú rẹ̀ lára ọ̀nì, wọ́n sì rí i lára ọ̀pọ̀ nínú ìran ìjàpá pẹ̀lú, àmọ́ ti ìjàpá dorí kodò: ooru ló ń mú abo wá, itútù ló ń mú akọ wá. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tó sọ alága wa di ọkùnrin tó ń pàṣẹ fún obìnrin kò ju pé abẹ́ ibòji ni ìyá rẹ̀ yé e sí. N ò ní sọ ìyẹn létí rẹ̀ o.

Ìyàwó Alángbá tún fi kún un pé láti ìgbà tí wọ́n ti gé àwọn igi ẹ̀yìn ààfin kí òjìji má baà bo iná ọba, ilẹ̀ ibẹ̀ ti gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọkùnrin sì ni gbogbo èyí tó ń jáde. Ìgbìmọ̀ jíròrò. Wọ́n pinnu láti kọ ìwé ìpè sí Ilẹ̀, kó wá fara hàn lọ́jọ́ Ẹtì, kó sì mú fọ́tò méjì dání.

Nígbà tó wá kan Ọmọnlé, wọ́n pè é ní òwúrọ̀, kò sí. Wọ́n pè é lọ́sàn-án, kò sí. Adìẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ lásán ni wọ́n ń sanwó fún, ó sì fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀. Ìròyìn gba ìgboro: ìjọba ti rí òṣìṣẹ́ òjìji mú! Wọ́n jó, wọ́n yọ̀. Níbo ni Ọmọnlé wà? Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ìbò ọba ló wà, níbi tí fọ́tò Ẹkùn ti ń rẹ́rìn-ín sí ìlú, ó ń sùn. Òru ló fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí iná ọba ń pè wá, òun ló ń pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ìjàpá yọ́ wọ ààfin, ó ká kàlẹ́ńdà sókè, ó na ọwọ́, ó di ìrù mú.

"Ọwọ́ tẹ̀ ọ́!"

Ìrù já. Ọmọnlé fẹsẹ̀ fẹ ẹ. Ìrù kù lọ́wọ́ alága, ó ń ta, ó ń yí, ó ń fò. Ìjàpá ò jẹ́ sọ pé ọ̀daràn sá mọ́ òun lọ́wọ́. Ó gbé ìrù lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n tì í mọ́lé. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí wọ́n fi ń kéde pé afurasí ti wà ní àtìmọ́lé, ó sì ń ran àwọn agbófinró lọ́wọ́ nínú ìwádìí.

Wọ́n bi ìrù ní orúkọ. Ó ta pá. Wọ́n bi í ní ìlú tó ti wá. Ó yí. Wọ́n bi í pé ta ló rán an. Ó rọra ta lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, kò tún mira mọ́. Ìjàpá mí kanlẹ̀: "Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé ó jẹ́wọ́."

Wọ́n ti ìrù mọ́lé, ó ń ta,
*Mirí jàn-ìn, mirí jàn.*
Olórí ìrù wà lókè àjà,
*Mirí jàn-ìn, mirí jàn.*
Wọ́n ní kí ìrù wá ka ẹjọ́ rẹ̀,
*Mirí jàn-ìn, mirí jàn.*
Ìrù ò lẹ́nu, wọ́n ní ó ti gbà,
*Mirí jàn-ìn, mirí jàn.*

Ọmọnlé alára wá ní ọjọ́ kejì, lójú oòrùn tí kò bá a lára mu, láti wá bẹ̀bẹ̀ fún ìrù rẹ̀. Orí àjà ló dúró sí, ó doríkodò. Kò ní ìpéǹpéjú tó lè fi ṣẹ́jú, nítorí náà bí eruku ìwé Adìẹ ṣe kó sí i lójú, ó yọ ahọ́n, ó fi nu ẹyinjú rẹ̀. Adìẹ kọ ọ́: ó yọ ṣùtì sí ìgbìmọ̀.

"Kí lo fi lẹ̀ mọ́ òkè yẹn?" Ìjàpá bèèrè. "Àtè?"

"Rárá, alága. Irun ni. Ó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó kéré débi pé ojú lásán ò rí i, orí rẹ̀ tún là sí wẹ́wẹ́. Bí mo bá gbé e lé ògiri, ògiri á fà á mọ́ra. Bí mo bá fẹ́ lọ, màá ká ìka mi sókè, á sì tú."

Ní 2002 ni àwọn onímọ̀ tó fi tìfun-tẹ̀dọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò sí àtè níbẹ̀, kò sí omi, agbára kékeré tí ohun méjì fi ń fa ara wọn nígbà tí wọ́n bá sún mọ́ra gan-an ni. Adìẹ kọ ọ́ pé: ó ń lo oògùn.

"Alága," ni Ọmọnlé wí, "ẹ jọ̀ọ́, ìrù yẹn ni báńkì mi. Ọ̀rá tí mo tọ́jú de ọjọ́ ebi, inú rẹ̀ ló wà."

Háà, Ọmọnlé, ta ló ní kó o sọ ìyẹn? Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìrù ti pòórá ní àtìmọ́lé. Ẹ̀ṣọ́ ní ejò ló gbé e mì. Ètè alága ń dán.

Nígbà tó yá, òmíràn hù, bó ṣe máa ń hù, àmọ́ ó kúrú, kò sì ní eegun nínú bíi ti àkọ́kọ́. Wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò ìrù àkọ́kọ́, kò bára mu. Wọ́n yọ orúkọ Ọmọnlé kúrò, wọ́n fi ìgbálẹ̀ lé e jáde ní ààfin. Àwọn ará ìlú pàápàá ti ìgbìmọ̀ lẹ́yìn, wọ́n ní olóró ni, pé bó bá já sínú ọbẹ̀, ó parí. Ọmọnlé ò ní oró kankan. Lóòótọ́, kò dáa kó yàgbẹ́ sínú oúnjẹ ẹni, ó lè ti ibẹ̀ kó àrùn bá ni, ṣùgbọ́n ìdérí ìkòkò kò wọ́n tó owó iná.

Awọ́nríwọ́n wọ́ ara rẹ̀ wá láti Ògùn, omi ń ro tótó lára rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀? Ó ní òun ń gbẹ́ ẹyin ọ̀nì jẹ, òun sì ń jẹ òkú ẹran tó bá ń rà létí odò. Ikán fi ẹ̀sùn kan aya rẹ̀ pé ó dá ilé àwọn lu, ó yé ẹyin sínú rẹ̀, kò san kọ́bọ̀. Èyí jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ikán fúnra wọn ló ń fi amọ̀ dí ojú ihò náà padà, tí ẹyin á fi wà nínú ooru tí kì í yí padà, tí ọmọ á fi yọ jáde lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Wọn ò ráyè gbọ́ ẹjọ́ náà parí, nítorí bí Awọ́nríwọ́n ṣe yọ ahọ́n láti fi gbọ́ òórùn inú yàrá, gbogbo wọn rí i pé ó là sí méjì. Ìjàpá fò dìde, ó dì mọ́ ọn. Láti àná ló ti ń wá agbẹnusọ fún ìjọba.

Ọ̀gà dé ní ọjọ́ kẹta; ọjọ́ kìíní ló ti gbéra. Ó fi ojú kan wo Ìjàpá, ó fi ìkejì wo Adìẹ, ó ní ilẹ̀ tí wọ́n gbé àga lé yìí, ìran òun ni wọ́n rán wá tẹ̀ ẹ́ wò ní Ifẹ̀ bóyá ó le tó láti rìn lórí rẹ̀. Ìjàpá ní kó mú ìwé ẹ̀rí wá. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó ń ti inú ẹgbẹ́ òṣèlú kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ wò ó, mo ti gbọ́ ẹ̀sùn yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì ń bí mi nínú. Kì í ṣe nǹkan tí Ọ̀gà bá dúró tì ló ń sọ ọ́ di aláwọ̀ yìí tàbí aláwọ̀ yẹn. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á sọ. Bí òtútù bá mú un, bó bá rí ọ̀tá, bó bá ń wá aya, àwọ̀ rẹ̀ á sọ. Nínú gbogbo ìlú Ẹkùn, òun nìkan ni kò lè fi ohun tó wà nínú rẹ̀ pamọ́. Ìwọ wá irú ìyẹn rí nínú àwọn olóṣèlú, kó o wá pè mí.

Bí ó ti gbọ́ ẹ̀sùn náà, ó dúdú. Adìẹ kọ ọ́: ó ti bọ́ sí ẹgbẹ́ alátakò lójú wa. Níbi tí wọ́n ti ń pariwo, eṣinṣin kan bà lé ìwé. Ahọ́n Ọ̀gà jáde, ó gùn ju ara rẹ̀ lọ, eṣinṣin pòórá. Nínú gbogbo ìjókòó náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ṣe nìyẹn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jí dúkìá ìjọba.

Ìbátan wọn kan tún wà, èyí tí ara rẹ̀ ń dán bí ẹni fi òróró para, tó ń gbé abẹ́ ewé gbígbẹ, tó ń ṣa kòkòrò jẹ níbẹ̀. Wọ́n gbàgbé rẹ̀. Ó ń gbowó oṣù títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Wọ́n tú ká, wọ́n gba owó ìjókòó, àbọ̀ ìwádìí sì nípọn bí àgbọ̀n. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹ̀fọn gba ààfin. Olorì ò lè sùn, ibà dá ọmọ ọba dùbúlẹ̀, aáyán ń rìn lórí adé. Wọ́n gbé iṣẹ́ oògùn apakòkòrò fún Yánníbo, aya Ìjàpá, láìsí ẹlòmíì tó dù ú. Oògùn náà pa eèrà kí ó tó kan ẹ̀fọn. Àwọn ọmọ alángbá ṣa òkú eèrà jẹ, wọ́n kú tẹ̀lé e. Àwòdì, tó ti ń fi alángbá ṣe oúnjẹ àárọ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé, fò yí àpáta ká, kò rí ohun kan gbé. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí àwọn ọmọ akọ̀wé. Adìẹ kọ lẹ́tà ẹ̀hónú lójoojúmọ́, ọmọ ń dín. Ní odò Ògùn, Awọ́nríwọ́n ò ráyè wá ẹyin ọ̀nì mọ́, ó wà lórí rédíò, ó ń sọ fún ìlú pé ọ̀nì ò pọ̀ sí i. Àwọn tó ń lọ fọṣọ létí odò ni kò lè padà wálé sọ bó ṣe jẹ́.

Ọba ní kí wọ́n pe Alángbá wá, igbákejì alága.

"Alángbá, ojú mi báyìí ni wọ́n ti ka àbọ̀ náà, o sì mirí sí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

"Kábíyèsí, n ò mirí sí nǹkan kan." Ó sì mirí.

"O tún ti ń mi í yìí!"

"Kí ẹ̀mí ọba gùn. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń dá lóhùn. Alángbá kékeré kan wà lẹ́yìn ìtẹ́ yín níbẹ̀ yẹn, òun ni mò ń bá wí. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń sọ, ẹnì kan ò sì bi mí rí. Mo ní ògiri yìí, tèmi ni. Ẹni tó bá lóun fẹ́ ẹ, kó jáde wá ká jà."

Ẹkùn yíjú, ó wo ògiri, ó tún yíjú padà. "Ògiri ààfin mi?"

Alángbá fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sókè, ó mirí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sétí Adìẹ: "Kọ ọ́ pé ó tọrọ àforíjì, ó sì dọ̀bálẹ̀."